Èéfín Tó Dúró Ṣánṣán

Ìwọ tí o ń ka èyí, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ kí o tó lọ síwájú. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá gbé ọ dé El Guandal, ní etí òkun wa, tí o sì rí àwọn obìnrin tó ń ti inú igbó ẹ̀gbà, igi etí omi iyọ̀, bọ̀, tí ojú wọn wú bíi ti ẹni tí oyin ta, má ṣe bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò gbé èéfín dání. Kí wọn, kí o sì máa bá tìrẹ lọ. Bí o bá bèèrè, wọn kò ní dá ọ lóhùn. Ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ ni yóò gbọ́ pé o bèèrè.

"Nimia! Nimia o! Ṣé ẹrẹ̀ ti gbé ọ mì ni?"

Bertilda ló ń kígbe láti ẹ̀yìn igi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe bí omi bá ti fà: ẹnì kan á ké, àwọn yòókù á dáhùn, kí wọ́n lè mọ̀ pé gbòǹgbò kò há ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀ kí omi tó tún kún.

"Ẹrẹ̀ wo ló fẹ́ gbé egungun lásán mì?" ni Nimia fi dá a lóhùn.

"Egungun? Pẹ̀lú ìdí tí o gbé sẹ́yìn yẹn?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ẹ̀rín kì í pẹ́ mọ́ nínú igbó yẹn.

Nimia Riascos ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Kíláàsì kẹta ló wà tí ìyá rẹ̀ fi yọ ọ́ ní ilé-ìwé, tó mú un wọnú ẹrẹ̀. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ gbòǹgbò títí dé èjìká, ó ń wá piangua, ẹran inú ìkarahun dúdú tí gbogbo El Guandal ń jẹ tí wọ́n sì ń tà. Agolo mílíìkì àtijọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dá ihò sí i lára, ó kó èèpo àgbọn sínú rẹ̀, iná sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èéfín rẹ̀ ló ń lé kantíkantí. Kò sí obìnrin tí í wọ igbó ẹ̀gbà láìgbé agolo tirẹ̀ dání. Wáyà lásán ni àwọn yòókù fi gbé tiwọn, ṣùgbọ́n Nimia hun okùn àwọ̀n aláwọ̀ búlúù mọ́ wáyà tirẹ̀, kó má baà máa jó o lọ́wọ́.

Ọwọ́ rẹ̀ ba ìkarahun kan. Ó fà á yọ. Ó ti yanu. Ó gbé e sí imú, òórùn epo dísù ló gbọ́. Ó jù ú nù, ó sì bojú wẹ̀yìn. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa bojú wẹ̀yìn.

Kò pẹ́ tó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ní ẹ́ńjìnnì méjì ní El Guandal, ti Don Gentil ni. Òun ló ń ra piangua lọ́wọ́ wọn. Òun ló ń ṣọ́ èbúté. Òun náà sì ni ojú àti etí ilé-iṣẹ́ tó ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi kí ọkọ̀ ńláńlá lè ríbi gbà. Ẹrẹ̀ elépo tí wọ́n ń gbẹ́ náà, ẹ̀ka omi tí wọ́n ń pè ní El Viejo ni wọ́n ń dà á sí. Ibẹ̀ ni ìyá Nimia ti kọ́ ọ níṣẹ́. Ní báyìí, igi ibẹ̀ ti kú lórí ìdúró, gbogbo ewé rẹ̀ ti rẹ̀ dànù, ó ku ìtì funfun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin arẹwà inú ẹrẹ̀!"

"Don Gentil, ṣé ẹ wá bá wa ṣe é ni?" ni Bertilda wí. "Ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà funfun yẹn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èéfín yín ni mo wá wò. Mo fẹ́ràn èéfín yín. Bí mo bá ti rí i, ọkàn mi á balẹ̀ pé àwọn èèyàn mi wà lẹ́nu iṣẹ́." Ó gbójú sókè. Èéfín wọn ń gba àárín ewé lọ, ewé ń yà á bí ìyàrí ṣe ń ya irun, kí ó tó dé òkè ó ti di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. "Ti Visitación nìkan ni n kò rí."

Àwọn obìnrin tún ki ọwọ́ bọ ẹrẹ̀.

"Nimia, ṣebí ìwọ ni ìyá ìsàmì ọmọ rẹ̀, tó dúró fún un nígbà ìrìbọmi. Ibo ló wà?"

Nimia fi ọdún mẹ́wàá ju Don Gentil lọ, síbẹ̀ "ìwọ" ló ń pè é. "Ó lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ lókè odò, sà."

"Òkè odò." Ó ń jẹ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Adájọ́ ń bọ̀ lọ́la. Kó yáa pẹ́ lọ́hùn-ún. Atẹ́gùn ibẹ̀ dára fún ara."

Irọ́ ni Nimia pa. El Viejo gan-an ni Visitación wà, nínú ahéré tí wọ́n ti ń yan ẹja láyé àtijọ́. Òun ló kó àwọn obìnrin jọ tí wọ́n fi gbé ilé-iṣẹ́ náà lọ sí kóòtù. Ilé-iṣẹ́ ní obìnrin kankan kò ṣiṣẹ́ rí ní El Viejo, pé aṣálẹ̀ ni. Adájọ́ wá ní òun yóò fi ojú ara òun rí i, níbẹ̀ sì ni òun yóò ti gbọ́ ẹlẹ́rìí. Àwọn méjì mìíràn tó fẹ́ jẹ́rìí ti kó kúrò nílùú lẹ́yìn tí wọ́n bá ọta ìbọn lẹ́nu ọ̀nà wọn, tí wọ́n fi aṣọ ọmọdé wé. Ó ku Visitación. Ó mọ̀ pé bí òun bá dúró di àárọ̀ kí òun tó gba èbúté kọjá, òun kò ní dé ọ̀hún. Ló bá lọ sá síbi tí ẹnikẹ́ni kì í dé mọ́. Nimia nìkan ló sọ fún.

Nígbà tí omi kún lọ́sàn-án, Nimia wa ọkọ̀ kékeré lọ bá a. Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹja tí a fi omi àgbọn sè dání, ó fi àwọ̀n bò ó mọ́lẹ̀. Bó ti rí Visitación, ó káwọ́ lérí. Ojú obìnrin náà ti wú, apá rẹ̀ ti lé róróró, ó ti họ ọrùn títí ó fi ń ṣẹ̀jẹ̀.

"Visi! Ta ló na ọmọ mi báyìí?"

"Kantíkantí ni, Ìyá Ìsàmì. Àwọn yẹn ò tíì gbowó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ fà. "Maryuri ọmọ mi ńkọ́?"

"Ó wà nílé mi. Ó jẹun. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ti mọ ìṣirò yẹn ṣe."

"Ó ṣeun." Visitación jẹun kíákíá, bí ẹni tí wọ́n ń lé. "Lọ́la, kí adájọ́ ṣáà tẹ́tí sí mi. Màá fi ọwọ́ rẹ̀ bọ ẹrẹ̀ yìí. Kó gbóòórùn ara rẹ̀ wò kó tó padà sí Bogotá, olú-ìlú. Òkun kì í ṣe ti ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì méjì."

Nimia gbé agolo rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀.

"Ẹ gbé e padà. Mo ti ní mi ò ní dá iná kankan."

"Gbà á. Ẹni tó bá sùn nínú igbó láìní èéfín, ẹran ló sọ ara rẹ̀ dà. Ṣé ojú tó wú báyìí lo fẹ́ fi bá adájọ́ sọ̀rọ̀? Wọ́n á ní ọtí lo mu."

"Ìyá Ìsàmì..."

"Ìdájí ni kí o tàn án, ìgbà tí wọ́n máa ń jẹni jù. Ìkùukùu á ti bo omi. Bó bá tiẹ̀ hàn, ta ló ń ka èéfín? Gbogbo igbó ló ń rú èéfín."

Visitación wo agolo náà, ó wo apá ara rẹ̀. Ó gbà á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Nimia jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ tó wà lórí òpó. Kò sí ìkùukùu. Ojú ọ̀run mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó wo apá El Viejo.

Èéfín kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó dúró ṣánṣán bí òpó. Kò sí ewé tí yóò yà á. Láti ìgbà tó ti ń gbé agolo, abẹ́ ewé ló ti ń gbé e. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ewé ló ń bo èéfín àwọn, pé nínú igbó tó ti kú, èéfín kékeré á yọrí sí gbogbo ayé. Ta ló sì wà nínú igbó tó ti kú, bí kò ṣe ẹni tó ń sá?

Ó gbọ́ ẹ́ńjìnnì méjì. Ìró náà kò wá sápá ilé. Ó lọ sápá ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó gbọ́ nǹkan tó ró lẹ́ẹ̀mejì, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ. Àwọn ẹyẹ funfun fò sókè. Èéfín náà tẹ̀, ó já, ó tán.

Nimia di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, ó ṣì ń wo ibẹ̀.

"Ìyá Ìsàmì, kí lẹ ń wò?" Maryuri ló ti jí, ó ń nu ojú.

"Kò sí nǹkan kan. Lọ fọ ẹnu rẹ."

Adájọ́ dé nígbà tí omi ń fà, òun àti akọ̀wé rẹ̀, pẹ̀lú Irene, ọ̀dọ́ lọ́yà tó ń gbèjà àwọn obìnrin. Don Gentil fúnra rẹ̀ ló bẹ́ àgbọn fún wọn mu. Bàtà funfun àná kò sí lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ lásán ló wà.

"Ẹlẹ́rìí wa ń retí wa ní El Viejo," ni Irene wí. "Ẹ jẹ́ kí Ìyá Nimia bá wa lọ, wọ́n mọ ọ̀nà."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Don Gentil fèsì. "Kí ọmọdébìnrin yẹn dúró síbí lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi. Oòrùn mú." Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan, na súìtì sí Maryuri. Ọmọ náà wo ojú Nimia. Nimia kò mọ ohun tí òun lè fi ojú sọ.

El Viejo dákẹ́. Ahéré náà ṣófo, wọ́n ti da omi sí ilẹ̀ rẹ̀. Irene pe Visitación títí ohùn rẹ̀ fi ha. Nimia náà ké bí àwọn obìnrin ṣe máa ń ké nínú ẹrẹ̀, ó ké e gùn, ó sì tẹ́tí. Ìtì igi ló gba ohùn náà, tó dá a padà fún un.

"Mo sọ fún yín, Olúwa mi," ni Don Gentil wí fún adájọ́. "Ènìyàn kì í wá síbí."

Bàtà adájọ́ kọ nǹkan. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e. Agolo ni, ó ti tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, okùn búlúù lára ọwọ́ rẹ̀.

"Ìdọ̀tí ni. Omi máa ń gbé ìdọ̀tí wá," ni Don Gentil wí.

"Ó ṣì gbóná," ni adájọ́ wí. Ó wo gbogbo wọn. "Ti ta ni?"

Don Gentil kò bínú. Ó kàn ń wo Nimia, bí ènìyàn ṣe ń wo omi tó gbé kaná, tó mọ̀ pé kò ní pẹ́ hó. Nimia wo okùn búlúù. Bí òun bá dákẹ́, ìdọ̀tí ni wọn yóò kọ sínú ìwé. Ìdọ̀tí ni, aṣálẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀ rí.

"Tèmi ni."

Irene mí kanlẹ̀. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí kọ.

"Nítorí náà, ẹ máa ń ṣiṣẹ́ níbí?" ni adájọ́ bèèrè.

"A ti ṣe é, sà. Ìyá mi ṣe é. Mo ṣe é. Kí wọ́n tó da ẹrẹ̀ elépo yìí lé e. Òun ló pa igbó yìí."

"Ìyá, ẹ rọra o," ni Don Gentil wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Adájọ́ sún mọ́ ọn. "Iná inú rẹ̀ kò tíì kú tán. Ta lẹ gbé e fún? Ta ló wà níbí láàárọ̀ yìí?"

Don Gentil ti yọ fóònù, ó yí ẹ̀yìn díẹ̀, ó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé Nimia gbọ́. "Ọmọ yẹn ṣì wà lọ́dọ̀ yín? Ẹ fún un ní súìtì mìíràn."

Nimia pa ẹnu dé. Adájọ́ dúró. Ó tún un bèèrè, ó tún dúró. Omi ti ń padà bọ̀, ó ti ń lá bàtà wọn. Níkẹyìn ó wo aago, ó ní kí akọ̀wé kọ ọ́ pé ẹlẹ́rìí kò yọjú, àti pé a rí agolo kan. Ó sún ẹjọ́ sí ọjọ́ mìíràn.

Ọjọ́ mìíràn yẹn kò tíì pé. Wọn kò rí Visitación, ọkọ̀ rẹ̀ nìkan ni omi gbé jáde. Àwọn tó ń da ẹrẹ̀ sinmi fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fi ẹnu sọ fún àwọn obìnrin pé kí wọ́n má gbé agolo mọ́. Bertilda ló kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀ nílé, àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Wọn kì í ké sí ara wọn mọ́ pẹ̀lú.

Irene padà wá lẹ́ẹ̀kan, òun nìkan. Ó bá Nimia ní èbúté, níbi tí Don Gentil ti ń ka piangua, tí ó ń ju àwọn tó yanu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú Nimia wú débi pé ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Maryuri dì mọ́ yẹ̀rì rẹ̀, ó ń họ apá.

"Ìyá Nimia," ni lọ́yà náà fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ wí, "ọ̀rọ̀ kan péré. Orúkọ kan. Màá ṣe ìyókù."

"Mo ní agolo yẹn, tèmi ni."

"Mo mọ̀, mà. Ta lẹ gbé e fún? Ta ló wá bá a?"

Don Gentil ti dáwọ́ kíkà dúró.

Nimia gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ́ apá, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. "Omi ti ń fà," ló wí. Irene tún pè é, ó pè é lórúkọ, ó pè é ní ìyá. Obìnrin náà bọ́ sínú ẹrẹ̀ láìgbé èéfín, ó fa ọmọ náà lọ́wọ́.