Ilé Ìgbẹ́ Tí Wọ́n Tì De Àlejò

Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ẹni tó mọ̀wé jù ní gbogbo Àpápá wá, ẹ má wulẹ̀ dààmú, Ọ̀gá Adékànmí ni. Òun ni ilé iṣẹ́ aláàánú kan rán wá sí àgọ́ àwọn tí omi lé kúrò nílé ní Ìjọra Badia, pé kó ṣe gáàsì tí wọn yóò máa fi dáná. Kì í ṣe gáàsì inú sílíńdà o, gáàsì ìgbẹ́ ni. Ẹ ó yàgbẹ́ sí ilé ìgbẹ́ tuntun, á ṣàn lọ sínú táǹkì abẹ́ ilẹ̀, á jẹrà níbẹ̀, á di gáàsì, á sì gba inú páìpù wá sídìí sítóòfù.

Inú Morìnsọ́lá dùn ju ti gbogbo wọn lọ. Igi pálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń tẹ́ ẹrù, tí wọ́n ń jù nù ní èbúté Tin Can, ló fi ń dáná, èéfín rẹ̀ sì ti dá kún ikọ́ fée Inúmidùn, ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé àyà ọmọ náà kò lè gba èéfín yẹn mọ́.

Wọ́n kọ́ ilé ìgbẹ́ tán, wọ́n lẹ táìlì funfun sí i. Ọ̀gá Adékànmí wò ó, ó rí i pé ó dára, ló bá fi àgádágodo tì í. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dọ̀tí rẹ̀ kí àwọn àlejò Àbújá tó wá ṣí i. Oṣù méjì gbáko ni gbogbo àgọ́ fi ń lọ yàgbẹ́ sétí kánáàlì. Morìnsọ́lá lọ bá a, ó fi sùúrù bi í pé kí wá ni táǹkì ń jẹ. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ìdí ààrò. Irú ọpọlọ wo nìyẹn?

Àlejò dé. Wọ́n ní kí Morìnsọ́lá gbé ẹ̀wà kaná níwájú kámẹ́rà. Iná jó búlúù, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Abẹ́ tábìlì ni Morìnsọ́lá ti rí sílíńdà gáàsì tí wọ́n faṣọ bò. Ó panu mọ́, ó ṣe tán, ọmọ òun ń mí dáadáa. Ẹ̀wà ò tíì rọ̀ tí àlejò fi lọ. Ọ̀gá Adékànmí tú sílíńdà, ó gbé e sẹ́yìn jíìpù, ó tún ti ilé ìgbẹ́ padà. Ó ní àwọn àlejò mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Ebi ń pa ọmọ, ni Morìnsọ́lá bá tún dáná igi. Kò pẹ́ rárá tí àyà Inúmidùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún fée-fée, tí ètè rẹ̀ ń di dúdú. Ìyá rẹ̀ da omi síná, ó gbé e sáré bọ́ síta, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i títí èémí rẹ̀ fi wálẹ̀. Inú bí i dé góńgó. Ó gbé ọmọ lé aládùúgbò lọ́wọ́, ó mú ọmọ ọlọ, ó fi fọ́ àgádágodo náà gbàgà.

Monday, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, sáré dé. "Mama Inumi, wetin be dis? Kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ fún táǹkì lóúnjẹ," Morìnsọ́lá dá a lóhùn. "Tó o bá fẹ́ pe Ọ̀gá, sọ fún un pé kó wá dá tiẹ̀."

Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, àwọn ènìyàn ti tò dé ẹnu géètì. Monday ló wà níwájú, ó ti ń tú bẹ́líìtì.