Èékánná Ọwọ́ Ọ̀tún Mi

Ẹ kọ́kọ́ gbà pé èmi kì í ṣe onídọ̀tí. Ẹni tó bá rí ọwọ́ mi ní Ijoku, àdúgbò wa, lè rò bẹ́ẹ̀: èékánná ọwọ́ òsì kúrú bíi ti ọmọ iléèwé, tọwọ́ ọ̀tún gùn, ó sì ń dán. Ọlọ́kadà kan ti bi mí rí bóyá iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní kọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá kan ní kí n má fi ọwọ́ yẹn gbé ọmọ òun. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Gìtá ni mò ń ta, jáàsì ni mò ń fi í ta, èékánná ni mo sì fi ń fa okùn rẹ̀. Àwọn yòókù ń lo píìkì, ike pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń fi ìka méjì dì mú. Tèmi yàtọ̀. Àtàǹpàkò mi á máa rìn lórí àwọn okùn tó nípọn, ìka mẹ́ta á máa dá a lóhùn lórí àwọn tó fẹ́lẹ́, ẹ ó rò pé èèyàn méjì ló jókòó síbẹ̀. Ọdún méjìlá ni mo fi kọ́ ọ. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo máa ń fojú ọmọdé wo àwọn onípíìkì.

Ìyàwó mi, Sàfúrátù, ìyá Fàtíà ọmọ wa, mọ iyì èékánná yìí ju ẹnikẹ́ni lọ. Tí mo bá fẹ́ bó ọsàn, á gbà á lọ́wọ́ mi, á bá mi bó o. Tí agolo mílíìkì bá le, òun ló máa ṣí i. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ní Oṣù Kẹsàn-án tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá ránṣẹ́ sí mi. Ará Ìkẹ́nnẹ́ ni, òun ló ń kó àwọn olórin jọ fún òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan létí òkun ní Àkrá. Ó ní onígìtá òun ti lọ, kí n wá ta fún òun gbọ́ ní Sátidé. Tó bá gbà mí, ọdún kan gbáko ni. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì. Mo mọ̀ pé tí eléyìí bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ibi ìkómọ àti ibi ìgbéyàwó ni màá ti máa ta títí màá fi darúgbó, láàárín àwọn èèyàn tí kì í dákẹ́ gbọ́.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ibà dá mi dùbúlẹ̀. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wá fa omi sí mi lára, mo sì ń sọ ìsọkúsọ. Ìyá ìyàwó mi gbọ́, ó gbé báàgì rẹ̀ láti Makun, ó wá jókòó tì mí. Opó ni, ọkọ rẹ̀, Alhaji Yísà, kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Màmá, Rẹ́mọ paraku ló sì ń sọ. Tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ wa ò ní gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ kí n máa tún un sọ fún yín.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ibà náà lọ. Ara mi tutù, ojú mi dá. Mo na ọwọ́ sí ife omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìka mi kan ife náà, kò sì dún. Tẹ́lẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dún ko. Mo gbé ọwọ́ sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

Kò sí èékánná níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀ dé ibi ẹran, àti àtàǹpàkò, àti ìka mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Mo rò pé ibà ló ṣì ń yí mi lójú. Mo pa ojú dé, mo tún là á. Ìka ọmọ ìkókó ni mo rí. Mi ò mọ ìgbà tí mo kígbe.

Màmá sáré wọlé tòun ti kẹ́tùlù àlùwàlá lọ́wọ́. "Ọkọ mi, kí ló dé? Ṣé orí tún ń fọ́ yín ni?"

"Màmá, ọwọ́ mi."

Ó wo ọwọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti gé e fún yín. Jímọ̀ lòní, kò yẹ kí aláìsàn fi irú èékánná yẹn kí Jímọ̀. Abẹ fẹ́lẹ́ tuntun ni mo fi gé e, ẹ má bẹ̀rù."

Ẹ̀yin tí ẹ níyàwó, ẹ bá mi dá sí i. Kí lèèyàn ń sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ tó fi ọjọ́ mẹ́rin jókòó tì í, tó ń fi aṣọ tútù nù ún lára? Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ kú ìtọ́jú mi." Omi bọ́ lójú mi, ó sì rò pé ọpẹ́ ló ń pa mí lẹ́kún.

"Kò tọ́pẹ́," ló wí. "Sàfúrátù ló ní kí n gé e. Òun náà ló bá mi di ọwọ́ yín mú, torí ẹ ń gbọ̀n, kí abẹ má baà gé yín."

Mo ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Mo lọ bá Sàfúrátù ní kíṣìnnì, níbi tó ti ń po ògì tí mo fẹ́ mu. Mo ní láti rọra sọ̀rọ̀ kí ìyá rẹ̀ má baà gbọ́. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún èmi tó jẹ́ pé bí mo bá bínú, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́.

"Ìwọ lo ní kí wọ́n gé e."

Kò wojú mi. "Èmi ni."

"O mọ̀ pé ọ̀la ni mò ń lọ Ìkẹ́nnẹ́."

"Mo mọ̀."

Mo ti múra de irọ́, mo ti múra de ẹkún. Mi ò múra de "èmi ni" yẹn. Ìyàwó tó ń bá mi bó ọsàn!

"Sàfúrátù, oṣù mẹ́ta ló máa gbà kó tó gùn padà. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Ó pa gáàsì. "Bàbá Fàtíà, nígbà tí bàbá mi kú, Kútọnu lẹ wà tí ẹ ń ta gìtá. Mo pè yín, ẹ ní ẹ ń bọ̀. A ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, àwọn ẹbí ń bi mí pé ọkọ mi dà, mo ní ẹ wà lójú ọ̀nà. Ogójì ọjọ́ pé, mo tún pa irọ́ yẹn. Oṣù mẹ́fà lẹ lò, èmi ni mo sì ń ṣàlàyé fún Fàtíà. Ti Àkrá yìí, ọdún kan ni. Ṣé ẹ bi mí? Ẹ kàn sọ fún mi ni. Màmá ò mọ nǹkan kan nípa èékánná o, èmi ni mo fi wọ́n ṣe é. Tí ẹ bá máa pariwo, ẹ pa á lé èmi lórí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀."

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Inú tó bí mi ló borí. Mo sọ fún un pé ó ti ba ayé mi jẹ́, mi ò sì mu ògì náà.

Nígbà tó di ọ̀sán, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọbìnrin kan tó ń lẹ èékánná mọ́ àwọn ìyàwó tuntun lọ́wọ́. Ó lẹ mẹ́rin fún mi, àwọn oníbàárà rẹ̀ la ẹnu sílẹ̀ ń wò mí. Mo délé, mo fa okùn ẹyọ kan, ti ìka àárín fò lọ sábẹ́ àga. Mo já àwọn yòókù dà nù.

Ní Sátidé, mo lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ kí wọ́n má baà sọ pé mo sá. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá jókòó ní pálọ̀ rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mo fi ẹran ìka lásán ta gìtá fún un. Ohùn rẹ̀ kò já geere, ó ń dún bíi pé wọ́n fi ìrọ̀rí bò ó mọ́lẹ̀. Mo ṣìṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo dá a dúró, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ibà, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ èékánná, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní oṣù mẹ́ta.

"Èékánná wo?" ló bi mí.

"Èyí tí mo fi ń ta á, sà. Ohùn tí ẹ gbọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ pè mí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Àdìsá, èmi ò gbọ́ ohùn kankan o. Wọ́n ní o kì í mutí, wọ́n ní o kì í pẹ́ lẹ́yìn, ni mo ṣe pè ọ́. Oúnjẹ làwọn èèyàn máa ń jẹ níbẹ̀, ta ló ń gbọ́ gìtá?" Ó ti píìkì kan sí mi lórí tábìlì. "Máa fi ìyẹn ta á. Ọjọ́ Ajé la ó gbéra."

Ọdún méjìlá! Mi ò gbé píìkì náà, mo kó gìtá mi, mo jáde. Ká ní ó lé mi jáde ni, ì bá sàn fún mi. Ǹ bá padà sílé lọ dá ìyàwó mi lẹ́bi títí ayé.

Nígbà tí mo délé, Màmá ti padà sí Makun. Sàfúrátù wà lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ wú. Kó tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú. Mo ro ó, mo rí i pé mi ò ṣe dáadáa. Màá lọ bẹ Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá fúnra mi."

"Wọ́n gbà mí."

"Láìsí èékánná?"

"Wọn ò bìkítà fún èékánná."

Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Ó dáa náà. Ọwọ́ yín ló kù sí."

Mo fẹ́ sọ fún un pé mi ò lọ mọ́. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, inú ọkọ̀ láti Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti pinnu rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ lọ fi píìkì ṣe fún àwọn tó ń jẹun ní Àkrá? Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá ni. Sàfúrátù wo fóònù, ó wò mí. Kò bẹ̀ mí.

"Àdìsá, ṣé kí n kọ orúkọ rẹ sílẹ̀ fún Ọjọ́ Ajé?"

Mo la ẹnu. Mo gbọ́ ohùn kan tó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ń bọ̀, sà. Ẹ ṣeun, sà." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló sọ ọ́.

Sàfúrátù dìde, ó gbọn ẹ̀yìn ìró rẹ̀. Kò sunkún, kò bínú.

"Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ sọ fún Fàtíà," ló wí, ó sì wọlé lọ bu oúnjẹ mi.