Ta Ló Ń Sùn Níbí?

Òórùn náà ló ń jí mi kí wọ́n tó pe ìrun àárọ̀. Páìpù tó ń gbé ìdọ̀tí láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ sínú sókàwéè ti fọ́ lábẹ́ àgbàlá wa, omi dúdú sì ń sun jáde láàárín táìsì bí òógùn lára ẹni tí ibà ń ṣe. Mo fọ̀ ọ́, ó tún sun. Mo da oògùn sí i, ó tún sun. N kò lè jókòó, n kò lè dúró. Bí mo bá ṣí ìwé ìfẹ́ tí mò ń kà, màá ka ojú ewé kan ní àkàtúnkà, n kò ní mọ ta ló ń jẹ́jẹ̀ẹ́ ìfẹ́ fún ta.

Kì í ṣe òórùn nìkan ló ń dà mí láàmú. Bọ̀dá Mọ̀núrù, àbúrò bàbá mi, ti pè láti Ìkòròdú. "Khairiyyah, bí páìpù yẹn ò bá tíì dáa títí di Sátidé, mò ń bọ̀ wá gbé Màmá. Ìyá mi ò ní kú sínú ìgbẹ́."

Màmá, ìyẹn Alhaja Hàwáwù, ìyá tó bí bàbá mi, gbọ́ gbogbo rẹ̀ létí fóònù. Ó ká ẹní rẹ̀ mọ́ra. "Mọ̀núrù á wá gbé afẹ́fẹ́. Èmi ò lọ síbì kankan. Ọkọ mi wà níbí."

Òótọ́ ni. Bàbá àgbà wà nínú àgbàlá yẹn, níbi tí wọ́n sin ín sí kí wọ́n tó bí mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ní ilé àwọn bàbá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn, òkú ilé kì í jìnnà sílé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti fi táìsì bo ilẹ̀, ojú sàárè ti pòórá mọ́ wa lójú.

Agbaṣẹ́ṣe tí mo kọ́kọ́ pè wá láti Adéníji Adélé. Ó kí wa gààràgà, ó fa ẹfun yọ, ó fi fa ìlà láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gba àárín àgbàlá tààrà. "Ibí la máa gbẹ́. Ọ̀nà tó yá jù nìyẹn."

"Orí ọkọ mi lo fẹ́ gbà kọjá?" Màmá gbé bùútà àlùwàlá rẹ̀, ó ń da omi tẹ̀lé e lẹ́yìn títí ó fi bọ́ sígboro. Omi yẹn náà ló pa ìlà ẹfun rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì ni Ọláníyì, agbaṣẹ́ṣe mìíràn tí mo pè, dé.

Nínú àwọn ìwé tí mò ń kà, lọ́fínńdà ni ọkùnrin fi ń wọlé. Bàtà òjò àti òórùn sìmẹ́ńtì ni eléyìí fi wọlé. Ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà náà sẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, nígbà tó sì gbójú sókè, ẹyinjú rẹ̀ tutù bí omi àmù. Àyà mi já. Bó ṣe la ẹnu, mo mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni.

Ó wo àgbàlá yíká. Ó yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sùn níbí?"

Ẹnu ọ̀nà yàrá mi gan-an ni mo dúró sí. Ara mi gbóná. Ṣé bí wọ́n ṣe ń béèrè nílùú tiwọn nìyí? Láìtíì mọ orúkọ ẹni?

"Èmi nìkan ni," mo dáhùn. "N kò tíì lọ́kọ."

Màmá bú sẹ́rìn-ín débi pé ìborùn rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. "Hàà! Khairiyyah! Ta ló bi ọ́ léèrè ọkọ?"

Ọláníyì fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. "Ẹ má bínú, Àǹtí. Òkú ni mò ń béèrè. Mo ti ṣiṣẹ́ ládùúgbò yìí rí. N kì í gbẹ́lẹ̀ láì kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń sùn níbẹ̀."

Ká ní ilẹ̀ lè lanu nígbà yẹn, inú páìpù tó fọ́ náà ni ǹ bá wọ̀ lọ.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Màmá. Ó wo ọmọkùnrin náà títí. Ó wá gbé ẹní rẹ̀ lọ síbi tó máa ń tẹ́ ẹ sí lọ́sàn-án, ó tẹ́ ẹ, ó rọra fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó na ọwọ́ kan sórí táìsì tó wà níwájú rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé ọwọ́ lé èjìká ẹnìkejì.

"Ibí ló wà," ó ní. "O béèrè ta ló ń sùn níbí. Àwa méjèèjì ni."

Láti kékeré mi ni mo ti rò pé atẹ́gùn ni Màmá ń wá lọ síbẹ̀. Mo kọjú sógiri kí wọ́n má baà rí omijé mi.

Ọláníyì fi ẹfun yí ẹní náà ká. Ó ní páìpù ò ní gba àárín mọ́, òun á fi ẹ́ẹ́bò, páìpù tó tẹ̀ bí ìgúnpá, yí i gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ á dé láàárọ̀ kùtù.

Inú mi dùn débi pé n kò rántí sọ fún àwọn ará àdúgbò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin náà gbé dígà àti ṣọ́bìrì kọjá lẹ́nu ọ̀nà Àǹtí Ganiat, aládùúgbò wa, tó ń di ẹrù ata rẹ̀ lọ sí ọjà Sandgrouse.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ta lẹ̀ ń lọ?"

"Ilé Alhaja Hàwáwù, mà. A fẹ́ lọ gbẹ́lẹ̀ fún wọn ni."

Bí wọ́n bá gbé dígà wọ ilé Mùsùlùmí láàárọ̀ kùtù ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ta ni yóò ronú kan páìpù? Àǹtí Ganiat ju ata sílẹ̀, ó gbé fóònù. "Ìnnà lilláhi! Mọ̀núrù, Alhaja ti lọ o!"

Èmi ń rìn síwá sẹ́yìn nínú àgbàlá ní tèmi. Bí dígà bá ti dún, ọkàn mi á fò, màá wo ìlà ẹfun tó yí ibi ẹní ká. Lójijì ni mo gbọ́ ẹkún. Àwọn obìnrin ń wọlé, wọ́n gbé bẹ́ǹṣì, wọ́n gbé ẹní, ọ̀kan tiẹ̀ ń béèrè ibi tí wọ́n ti máa wẹ òkú.

Màmá jáde láti yàrá, àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ta ló kú?"

"Yéè!" Àǹtí Ganiat fò sẹ́yìn. "Alhaja, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Rárá, iwin mi ni. Gbé bẹ́ǹṣì yẹn wá kí iwin jókòó."

Ẹ̀rín sọ. Àmọ́ mo pe Bọ̀dá Mọ̀núrù títí, kò gbé e. Ìgbà tó dé, láti ìta la ti ń gbọ́ ẹkún rẹ̀. Kò dé fìlà, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò bára mu. Kò rí ẹnikẹ́ni nínú wa, kòtò ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ló rí.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ síbí? Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni! Ẹ̀gbẹ́ ọkọ wọn ni kẹ́ ẹ sin Màmá mi sí!"

"Ẹ̀gbẹ́ ta?" Màmá béèrè láti orí bẹ́ǹṣì.

Ó yíjú. Ó jókòó gbì sórí òkìtì yanrìn.

"Mọ̀núrù, bí mo bá kú, ẹ̀gbẹ́ ọkọ mi lo máa tẹ́ mi sí. Bí mo ṣe wà láàyè yìí, Ìkòròdú lo fẹ́ gbé mi lọ. Ṣé ó di ìgbà tí mo bá kú kí n tó máa gbé ilé mi ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Mọ̀núrù fi apá nu imú bí ọmọdé. "Ẹ dákun, Màámi. Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà."

"Mo ti jókòó tẹ́lẹ̀," Màmá ní, ó sì bu àkàrà jẹ.

Lẹ́yìn ìrun Làásárì, Ọláníyì da omi sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Gbogbo wa tẹ́tí. Omi náà sáré, ó yí gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó já sínú sókàwéè lọ́hùn-ún. Màmá tẹ́ ẹní rẹ̀.

Mo sin Ọláníyì dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń wọ bàtà òjò rẹ̀. Ó ní ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ á rì díẹ̀ bí òjò bá rọ̀, òun á padà wá tún un ṣe.

"Ṣé ilẹ̀ nìkan lẹ máa wá wò ni?" Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó mú un.

Ó rẹ́rìn-ín sí bàtà. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná."

Àgbàlá wa ò rùn mọ́, síbẹ̀ n kò tíì lè jókòó. Bí ìkùukùu bá ṣú, màá sáré jáde. Bó bá tú ká, màá wọlé.

"Khairiyyah," Màmá pè mí lánàá láti orí ẹní, kò tiẹ̀ la ojú. "Wíwò kì í mú òjò rọ̀. Lọ gbé omi kaná."