Kékeré Mẹ́jọ, Ńlá Kan

Torí pé kì í kánjú, tí kì í sì í gbóhùn sókè, Bàbá Ẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń pe olùṣọ́ ilé ìkẹ́rù náà. Àwọn tó sún mọ́ ọn mọ̀ pé ẹ̀sọ̀ kọ́, ẹ̀rù ni. Ó ń bẹ̀rù ọ̀gá, ó ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun, ó tilẹ̀ ń bẹ̀rù àwọn kámẹ́rà tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ nínú yàrá kótópó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

Yàrá yẹn ló wà lọ́jọ́ tí ọkọ àbúrò rẹ̀ kú. Ó rí i kedere. Ọ̀gá nawọ́, ó ní kí ọkùnrin náà wọ abẹ́ ẹrù tí ọkọ̀ agbẹ́rù gbé sókè, kó lọ fa pákó kan tó há. Ọkùnrin náà mirí. Ọ̀gá tún nawọ́. Ó wọbẹ̀. Ẹrù já.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀gá ti sọ fún tilé tọ̀nà pé agídí ló pa á, pé òun kìlọ̀ fún un. Ó wá yọjú sí yàrá olùṣọ́.

"Bàbá, àwòrán inú àpótí kámẹ́rà yìí, báwo ló ṣe ń pẹ́ tó kó tó parẹ́?"

Bàbá Ẹ̀sọ̀ ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n ó lè ṣírò. Ó mọ̀ pé tí àpótí bá ti kún, tuntun á máa pa ti àtijọ́ rẹ́. Ó wo ojú ẹ̀rọ: mẹ́gà mẹ́jọ ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ó wo ara àpótí: tẹ́rà mẹ́rin, ìyẹn mẹ́gà mílíọ̀nù mẹ́rin. Ó fi mẹ́jọ pín in.

"Kò ní tó ọ̀sẹ̀ kan, sà."

"Ó dáa. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àwọn tó ń wá irú iṣẹ́ yín pọ̀ níta."

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ bi í pé, "Bọ̀dá mi, kámẹ́rà ò rí i ni?" ó ní kó ṣe sùúrù. Ó ń fi òní dọ́la, ó ń fi ọ̀la dọ́tùnla, títí ọ̀sẹ̀ fi pé. Ìgbà náà ló wá sọ fún un pé, "Ó ti parẹ́." Oorun tó sùn lóru ọjọ́ yẹn dùn. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Tirẹ̀ kọ́ ló bá a dákẹ́, ti àbúrò rẹ̀ ni. Iléeṣẹ́ gbé ẹ̀bi ka òkú lórí, wọ́n ní kí opó kó jáde nínú ilé òṣìṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ń lọ sópin nígbà tí obìnrin tó ń tún kámẹ́rà ṣe dé.

"Bàbá Ẹ̀sọ̀! Ẹ tún jókòó bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ àga." Ó nu kámẹ́rà kan, ó yẹ àpótí wò. "Ẹ wò ó, àpótí tuntun tí mo gbé síbẹ̀ lọ́jọ́sí yìí ò tíì kún o."

"Kò kún báwo? Ó ti ń pa nǹkan rẹ́ tipẹ́." Ó ka ìṣirò rẹ̀ fún un.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Ẹ̀yin náà! Mẹ́gà méjì ló wà. Bí nǹkan ṣe ń yára wọlé, bíìtì la fi ń kà á. Ohun tí àpótí ń gbà, báìtì ni. Bíìtì mẹ́jọ ló ń di báìtì kan. Ife mẹ́jọ ló ń wọlé, ẹ pè é ní garawa mẹ́jọ! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àtààbọ̀ ni tiyín yìí fi ń kún."

Bàbá Ẹ̀sọ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ. Ó rọra dárúkọ ọjọ́ kan. Ẹ̀rín kúrò lójú obìnrin náà. Kò sẹ́ni tí ò mọ ọjọ́ yẹn níbẹ̀. Ó dá àwòrán padà sẹ́yìn. Ọkọ àbúrò Bàbá Ẹ̀sọ̀ rìn wọlé, ó ń họ ọrùn. Ọ̀gá nawọ́.

"Yéè. Bàbá, kò ní pẹ́ parẹ́ o. Ṣé kí n dà á sínú fláàṣì?"

Ìṣirò tó ṣì ló fi bo orí bí aṣọ láti ọjọ́ yìí, wọ́n ti wá ṣí i kúrò lórí rẹ̀. Ó wo géètì. Ó wo àwòrán.

"Dà á."

Kò tíì parí tí fèrè mọ́tò ọ̀gá fi dún níta. Bàbá Ẹ̀sọ̀ di kọ́kọ́rọ́ mú.

"Ó kù tó báwo?"

"Díẹ̀ ni."

"Díẹ̀ kékeré àbí díẹ̀ ńlá?"

Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín. Fèrè tún dún, ó dún lọ rẹrẹ. Àfìgbà tí ó gba fláàṣì tán, tó fi í sínú bàtà, ló tó lọ ṣí géètì.

"Ṣé ẹ sùn ni?"

"Ẹ má bínú, sà. Ara ò yá."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó bá àbúrò rẹ̀ láàárín ẹrù tó ti dì. Wọ́n ki fláàṣì bọ kọ̀ǹpútà. Àbúrò rẹ̀ wò ó, kò sunkún. Ó tún un wò.

"Agbẹjọ́rò lè lò ó," ni Bàbá Ẹ̀sọ̀ ń wí wéréwéré. "Wọn ò ní lè lé ẹ mọ́."

"Ta ló jókòó sídìí kámẹ́rà lọ́jọ́ yẹn?"

Ó wolẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ rí i."

"Mo rò pé ó máa parẹ́ ni."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

"Ẹ ń dúró dè é kó parẹ́," ni àbúrò rẹ̀ wí. Ó yọ fláàṣì, ó pa á mọ́ sí àyà. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ mú un wá, Bọ̀dá mi. Agbẹjọ́rò á bi mí pé ta ló wà níbẹ̀. Màá sọ fún un. Ẹ máa lọ sílé."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. Bàbá Ẹ̀sọ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fetí sílẹ̀ bóyá yóò pe òun padà. Nínú ilé, àbúrò rẹ̀ ti ń tú ẹrù.