Dídán Tí Ọwọ́ Onígbàjámọ̀ Ń Jẹ

Ìgbà kẹta nìyí tí onígbàjámọ̀ máa dá fépù rẹ̀ padà. Kò tiẹ̀ kí wa tán. Ó gbé e sórí tábìlì, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí wa. Àtẹ́lẹwọ́ náà pọ́n, ó sì ń lẹ̀, bíi ti ẹni tó fọwọ́ kan oje igi.

"Bàbá, ó tún ti ṣe bó ṣe máa ń ṣe o."

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kò dìde níbi tó jókòó sí. Bàbá Dídán ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí pé kò sí igi tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í dán kó tó jáde. Ogójì ọdún ló fi kan àga àti àpótí aṣọ kí èjìká rẹ̀ ọ̀tún tó kọ pátákó gbígbé. Àsìkò yẹn gan-an ni mo ti yunifásítì dé, tèmi ti ìwé ẹ̀rí nípa iná mànàmáná, láìsí iṣẹ́. La bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fépù, sìgá oníbátìrì tí kì í jó, tó jẹ́ pé omi olóòórùn dídùn ló ń sọ di èéfín. Èmi ni mò ń to wáyà àti bátìrì sínú rẹ̀. Òun ló ń gbẹ́ igi tó wọ̀ ọ́ láṣọ, tó sì ń pa á lára títí èèyàn á fi lè ka eyín ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Gbé e wá," Bàbá ní.

Ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ara igi náà. Èékánná wọlé. Pólíìṣì tó fi aṣọ rọra pa nígbà àádọ́rin ti rọ̀ bí ìda tí wọ́n gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná.

"Ṣé ọwọ́ lò ń lò ni àbí sáńdípépà?"

"Ọwọ́ náà ni, Bàbá. Èyí tí wọ́n bí mọ́ mi ni."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ká ní pólíìṣì nìkan ló ń bàjẹ́ ni, à bá fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti mu sìgá fún ọdún méjìdínlógún. Ìyàwó rẹ̀ ti kó kúrò nílé lẹ́ẹ̀kan nítorí rẹ̀, ó lọ gbé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún oṣù méjì. Nígbà tó padà, gbólóhùn kan ló bá a wọlé: "Sìgá kan péré sí i, mo lọ, mi ò sì ní padà." Fépù yìí ni onígbàjámọ̀ fi ń di ara rẹ̀ mú láti ìgbà náà. Gbogbo ìgbà tí fépù náà bá wá sọ́dọ̀ wa fún àtúnṣe, ó ń lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló múlé ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kíní, igi ìṣáná ló ń jẹ lẹ́nu bí ewúrẹ́ títí ọjọ́ fi pé. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun fi gbogbo ọjọ́ Sunday sùn kí òun má bàa rí ojú pópó.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò kúkú ra onírọ́bà tí wọ́n ń tà nígboro?" mo bi í.

"Mo ti ra mẹ́ta, Ẹnjiníà. Mo sọ ọ̀kan nù, mo jókòó lé ọ̀kan, ẹ̀kẹta bọ́ sínú garawa tí mo fi ń fọ orí àwọn èèyàn. Ohun tó bá ti fúyẹ́, ọwọ́ mi kì í kà á sí. Tiyín yìí, bí mo bá gbá a mú báyìí, àfi bíi pé ẹnì kan di èmi náà lọ́wọ́ mú." Ó yíjú sí Bàbá. "Ọjọ́ mélòó ni lọ́tẹ̀ yìí?"

"Ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ọjọ́ mẹ́wàá." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gun àtẹ̀gùn dé òkè, tí wọ́n wá sọ fún un pé ilé náà ṣì ku àjà mẹ́ta. "Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá."

"Ó rẹ èmi náà," ni Bàbá dá a lóhùn, ó ń fọwọ́ òsì pa èjìká rẹ̀.

Ohun tí mi ò bá rí orí rẹ̀ tàbí ìdí rẹ̀ kì í jẹ́ kí n jẹun dáadáa. Mo gé àjákù igi sí wẹ́wẹ́, Bàbá bá mi pa wọ́n ní pólíìṣì kan náà, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fìyà jẹ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rẹ ọ̀kan sínú omi iyọ̀, bíi ti òógùn. Mo fi ọṣẹ fọ ìkejì. Mo fi ìpara irun pa ìkẹta, mo ro omi fépù sórí ìkẹrin, mo gbé ìkarùn-ún sójú fèrèsé kí oòrùn máa pa á.

"Ọ̀mọ̀wé," Bàbá ní, "ṣé igi lò ń dán wò ni, àbí igi ló ń ṣe ìdánwò àṣekágbá?"

"Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yege, Bàbá. Ìyẹn gan-an ni wàhálà."

Omi fépù mú kí ìkẹrin ṣú díẹ̀ bí ojú dígí tí èèyàn mí sí. Àwọn tó kù ń dán lọ ní tiwọn. Kò sí èyí tó lẹ̀ mọ́ ọwọ́.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé orí mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Irun mi kò tíì kún, ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè jókòó ti èèyàn láti máa wo ọwọ́ rẹ̀ láìní ìdí. Ṣọ́ọ̀bù náà tẹ́ẹ́rẹ́: àga méjì, dígí gbọọrọ kan tó ti là ní igun, àti bẹ́ǹṣì tí èèyàn mẹ́rin ti ń retí ṣáájú mi. Mo jókòó, mo ń wo ọwọ́. Bó bá ti gé orí kan tán, á mú ìgò kan tó ní ìfọ́nmi lẹ́nu, á fọ́n ọn sára ẹ̀rọ ìgẹrun, á fọ́n ọn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, á fi wọ́n ra ara wọn. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ ọ̀tún á lọ sí àpò ṣòkòtò, níbi tí fépù máa ń wà. Á bá àpò lófìfo, á padà wá láìmú nǹkan kan. Lórí olúkúlùkù ló ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi kàn mí, ojú ń ti èmi náà bí ọwọ́ yẹn bá ti ń lọ.

Ó fọ́n ìgò náà lẹ́yìn ọrùn mi. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì rò pé aṣọ ara mi ni.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú ìgò yẹn?"

"Sípíríìtì ni. Kí làpálàpá ẹnì kan má bàa di ti gbogbo àdúgbò. Gbé orí sókè."

Mo gbé orí sókè, ẹ̀rín sì fẹ́ pa mí, àmọ́ kò jáde. Sípíríìtì kan náà la fi ń po pólíìṣì. Pólíìṣì náà, wẹ́wẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà la ń rà á, a ó rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì títí á fi yọ́. Ohun tí sípíríìtì bá sì yọ́ lẹ́ẹ̀kan, á tún yọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Kò sí ẹni tó fi oṣù kan ṣe iṣẹ́ wa tí kò mọ èyí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ọkùnrin yìí wọlé tọ̀ wá pẹ̀lú ọwọ́ tó ń rùn sípíríìtì. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ wa ń rùn sípíríìtì láti òrùlé dé ilẹ̀. Òórùn ilé wa la gbọ́, a ò gbọ́ tirẹ̀.

Mo ròyìn fún Bàbá.

"Alágbẹ̀dẹ ì bá ti mọ̀ látẹnu ọ̀nà," ó ní. "Ẹni tó ń ta bàtà pàápàá ì bá ti mọ̀. Àwa nìkan ni kò lè mọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Kí la wá fẹ́ ṣe?"

Mo ní ó ku ọ̀nà méjì. Fáníìṣì olómi méjì wà, tí wọ́n ń po omi méjì pọ̀ kó tó gan, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ fọ́n, ṣùgbọ́n a ò ní ẹ̀rọ náà, igi náà á sì dà bíi rọ́bà. Èkejì ni òróró igi, tí kì í dúró sójú igi rárá. Inú igi ló ń wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń gan. Bó bá ti gan tán, sípíríìtì kò lè rí i gbé ṣe. Àmọ́ ó ń pẹ́ kó tó gan, ọjọ́ mẹ́rìnlá ó kéré tán, kò sì ní dán.

"Igi tí kò bá dán, igi ìdáná ni."

"Bàbá, orí àga yín nìyẹn. Èyí, inú ọwọ́ èèyàn ló ń gbé."

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú àkísà, ó rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu dídán náà kúrò lára fépù. Mo fẹ́ gbà á, kò fún mi. Ìnù mẹ́ta péré ni. Pólíìṣì ìgbà àádọ́rin jáde sórí àkísà, ó dà bí omi tíì, igi náà sì dúró níhòòhò.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rìnlá ni onígbàjámọ̀ kò lè gbé mì. Bàbá fi èjìká hàn án, ó ní òun kò lè máa pa á lójoojúmọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n máa wá pa á fúnra mi," ọkùnrin náà ní. "Ìrọ̀lẹ́, bí mo bá ti tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ìgbà yẹn gan-an ni òǹgbẹ sìgá máa ń gbẹ mí jù."

Bó ṣe di pé ó ń wá ní aago mẹ́fà nìyẹn. Bàbá kọ́ ọ: ẹ̀kán òróró kan, fi aṣọ rà á tẹ̀lé ìlà igi, dúró díẹ̀, nu gbogbo rẹ̀ kúrò, gbé e kọ́.

"Ẹ̀kán kan ni mo wí! Ṣé igi lo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ ni?"

Ní ọjọ́ kejì, ó ká aṣọ olóròóró náà, ó ki í bọ àpò. Bàbá fò dìde. Mi ò rí i kó fò bẹ́ẹ̀ láti ọdún kan.

"Yọ ọ́! Sá a sórí okùn! Aṣọ olóròóró tí wọ́n bá ká jọ a máa gbiná fúnra rẹ̀!"

Ọkùnrin náà yọ aṣọ bí ẹni tó rí àkekèé. "Háà, Bàbá! Èmi tí mò ń sá fún sìgá, mo wá fẹ́ di sìgá fúnra mi?"

Bàbá rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di èjìká rẹ̀ mú.

Ní ọjọ́ keje, ó pẹ́ kó tó dé. Ó jókòó, kò mú aṣọ.

"Mo mu ọ̀kan lónìí."

Mo ń gbọ́ bí pátákó òrùlé ṣe ń dún.

"Kí ọ̀kan yẹn tó di méjì, ẹ gbé e fún mi báyìí," ó ní. "Bó ṣe wà yẹn náà. Ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá ro sípíríìtì díẹ̀ sórí aṣọ funfun, ó fi tẹ ẹ̀gbẹ́ igi náà, ó gbé aṣọ sókè kí gbogbo wa rí i. Aṣọ náà ti pọ́n díẹ̀: òróró kò tíì gan.

"Bí mo bá fún ọ lónìí, wàá dá a padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìkẹrin nìyẹn." Ó ká aṣọ náà. "Ṣé ìyàwó rẹ mọ̀?"

"Kò tíì mọ̀."

"Lọ sọ fún un."

"Á lọ, Bàbá."

"Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n imú tiwa ló kú, tirẹ̀ kò kú. Bí o kò bá sọ ọ́, á gbọ́ òórùn rẹ̀."

Ó dìde, ó lọ. Ó ku díẹ̀ kí n gbé fépù náà sá tẹ̀lé e. Gbogbo ara mi fẹ́ ẹ. Bàbá kò wojú mi. "Jókòó, Ọ̀mọ̀wé," ó ní. Mo jókòó.

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, aago mẹ́fà kọjá. Ó di mẹ́fà ààbọ̀. Mo sọ aṣọ kalẹ̀ láti orí okùn, pé kí n kúkú pa á fúnra mi. Bàbá ń to àwọn irinṣẹ́ tó ti tò tẹ́lẹ̀. A wá gbọ́ ìró ẹsẹ̀, kì í ṣe ti ẹnì kan.

Obìnrin náà ló kọ́kọ́ wọlé, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ wú. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní kó wá sọ fún mi?"

"Èmi ni, ìyàwó."

"Ẹ ṣeun. Ẹ ò jẹ́ kí n sùn mọ́jú." Ó mú fépù náà lórí ìkọ́, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó gbóòórùn rẹ̀. "Èyí náà nìyí? Kò tiẹ̀ dán."

Bàbá yíjú sí ògiri bí ẹni tí wọ́n gún lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ọjọ́ mélòó ló kù?" Èmi ni obìnrin náà bi.

"Mẹ́fà, pẹ̀lú ti òní ni méje."

Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ronú lé e bí ẹni tó ń wọn ẹrù wò kó tó gbé e rù. "Mo lè dúró fún ọjọ́ méje," ó ní. "Lẹ́yìn ìyẹn, mi ò tíì mọ nǹkan tí mo máa ṣe."

Ọkọ rẹ̀ la ẹnu.

"Má sọ nǹkan kan. Ó rẹ̀ mí."

Ó gba aṣọ lọ́wọ́ mi. Mo ro ẹ̀kán kan sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rà á, ó ń yára jù, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un. Onígbàjámọ̀ fa àga kékeré kan súnmọ́ ọn, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún rẹ̀, ó ń wo aṣọ náà bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí obìnrin náà tó na aṣọ sí i, láìwo ojú rẹ̀.

"Ìwọ ló kàn."