Ajá Abẹ́ Àga Ẹ̀gbọ́n

"Ẹ rọra lọ́rùn o, bọ̀ọ̀dá. Okùn yẹn ti wọnú ẹran."

Rédíò onígbàjámọ̀ ni dókítà ẹranko ń bá sọ̀rọ̀. Ó ti kílípà bọ abẹ́ irun tó ti dì bíi ẹní àtijọ́, ó rọra ń tì í lọ síwájú, irun náà sì ń ṣí kúrò lára ajá náà pẹ̀lú ẹrẹ̀ àti èépá egbò. Abẹ́ rẹ̀ pupa. Ènìyàn lè ka egungun ìhà ajá náà tán láìfọwọ́ kàn án.

Dókítà ẹranko, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ilé ìwòsàn rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù Rédíò, ló sá wá pè é, nítorí kílípà tirẹ̀ ti kán eyín méjì sínú irun náà. Àwọn ayálégbé kan ló kó kúrò nílé, wọ́n fi ajá sílẹ̀ lórí ìso lẹ́bàá táńkì omi lẹ́yìnkùlé, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí onílé tó wá wo ilé rẹ̀, kó tó rí i. Omi tó ń jò lára táńkì ló gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró. Kí wọ́n tó lọ pàápàá, kò jọ pé ẹnikẹ́ni ń bójú tó o.

Ajá náà kò gbó, kò kùn, kò jà. Ó kàn dùbúlẹ̀ sórí tábìlì irin, ó ń wo ògiri. Èyí tẹ́ Rédíò lọ́rùn. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí òun náà ti ń wo ògiri.

Ó gẹ irun náà tán, ó gbọn kílípà. Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, kò bi orí rẹ̀ léèrè. Ọgbọ̀n ọdún ni ọwọ́ náà ti ń parí iṣẹ́, tó ń nà sí ìgò sípíríìtì, tó ń rẹ òwú, tó ń fi nu ọrùn oníbàárà. Ìgò náà wà nínú àpò irinṣẹ́ tó gbé wá. Ó rẹ òwú dáadáa, ó sì fi nu ọrùn ajá láti etí dé etí, lórí egbò okùn gan-an.

Igbe tí ajá náà ké, àwọn tó wà ní òdìkejì títì gbọ́ ọ. Ó já bọ́ sílẹ̀ látorí tábìlì, ó sá sí kọ̀rọ̀, ó ń gbọ̀n.

"Sípíríìtì!" Dókítà káwọ́ lérí. "Bọ̀ọ̀dá, sípíríìtì lórí egbò!"

"Ọwọ́ mi ni," ni Rédíò wí.

Ó mọ̀ pé ó yẹ kí ojú ti òun. Ó wá ìtìjú náà nínú ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò, kò rí i. Bí gbogbo nǹkan ṣe rí fún un nìyẹn látìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Wọ́n á sọ ohun tó dunni, á gbọ́ ọ, á mọ̀ pé ó dunni, kò sì ní dùn ún.

Dókítà kúnlẹ̀ ti ajá náà títí ó fi rọlẹ̀. Nígbà tó dìde, ohùn rẹ̀ ti tutù.

"Kò sí àyè mọ́ nínú àgò mi. Mo ń wá ẹni tó máa gbà á tọ́jú fún oṣù kan, kára ẹ̀ bọ̀ sípò, kí n tó rí ẹni tó máa mú un pátápátá. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹun. Látàná tó ti dé, kò fẹnu kan nǹkan kan. Omi tí mo ń fà sí i lára kò lè gbé e ju ọjọ́ Ẹtì lọ. Bí kò bá jẹun títí di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì, mo máa fún un lábẹ́rẹ́, kó sùn lọ. N ò ní jẹ́ kí ebi pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n wà.

"Ẹ jẹ́ kí n máa mú un lọ," ni Rédíò wí. Bó ṣe ń ní kí oníbàárà jókòó náà ló ṣe sọ ọ́.

Àga méjì ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà, tó fara ti ilé Rédíò. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni ti Rédíò, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ dá ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Rédíò ló ń sọ ti àwọn méjèèjì, ibẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn oníbàárà kan wà tó jẹ́ pé irun orí wọn kò tíì hù tí wọ́n á ti padà wá, nítorí wọ́n fẹ́ gbọ́ ìparí ìtàn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga rẹ̀ kó sinmi. Rédíò kọ̀yìn sí i, ó ń gẹ irun fún ẹnì kan, ó ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ra bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì. Nígbà tí ìtàn dé ibi ẹ̀rín, oníbàárà rẹ́rìn-ín, Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn," ni Rédíò wí, "ó ti gbọ́ ìtàn yìí rí, ó ti sùn lọ." Ó gẹ irun náà parí. Ó gba owó, ó gbálẹ̀. Ìgbà tó wá yíjú padà, ara Ẹ̀gbọ́n ti tutù.

Látìgbà náà, kò sọ ìtàn mọ́. Kò sunkún níbi ìsìnkú, kò sunkún lẹ́yìn rẹ̀. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìdí kan àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àwọn ènìyàn ní batìrì Rédíò ti tán. Wọ́n kọ́kọ́ ń fi ṣe àwàdà, nígbà tó yá, wọ́n gba ibòmíràn lọ.

Abẹ́ àga náà gan-an ni ajá náà gbà lọ nígbà tí Rédíò gbé e sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó wọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Ìyàwó Rédíò, tó jẹ́ tíṣà, ti ilé ìwé dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí nìyẹn?"

"Ajá ni."

"Mo rí i pé ajá ni. Ta ló ní kó máa gbé ibí?"

"Dókítà."

"Èmi ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ onígbàjámọ̀, ẹ ò mọ̀ pé a kì í fárí lẹ́yìn olórí?"

Ní ìgbà mìíràn, ọ̀rọ̀ yìí ìbá pa Rédíò lẹ́rìn-ín, ìbá sì ti fi ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ dá a lóhùn. Ó kàn to irinṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga, ó rí ọrùn ajá náà. Ó wọlé lọ. Nígbà tó tún jáde, aṣọ ìnura àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í sábẹ́ àga.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Rédíò se ìrẹsì rírọ̀ pẹ̀lú ẹran díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Dókítà ṣe kọ́ ọ, ó wọn ṣíbí mẹ́ta péré sínú abọ́, nítorí oúnjẹ àjẹyó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè pa ẹni tí ebi ti pa pẹ́. Ajá náà yí imú sí ògiri. Lọ́jọ́rú, bákan náà. Bí ó bá ti na ọwọ́ lásán, ajá náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹ gbóòórùn ọwọ́ yín," ni ìyàwó rẹ̀ wí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ó gbé ọwọ́ símú. "N ò gbóòórùn nǹkan kan."

"Ẹ ò lè gbọ́ ọ, ó ti mọ́ yín lára. Látọjọ́ tá a ti fẹ́ra wa ni mo ti ń gbọ́ ọ. Sípíríìtì ni. Fún ajá yìí, òórùn iná ni."

Rédíò gbé ìgò sípíríìtì, ó dà á sí gọ́tà. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ àti iyọ̀ títí awọ ìka rẹ̀ fi hunjọ. Láti ọjọ́ náà, omi gbígbóná ló ń fi fọ irinṣẹ́. Lọ́jọ́bọ̀, ajá náà kò gbọ̀n mọ́, ó tilẹ̀ lá omi díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹun.

Bí wọ́n ṣe dé ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Ó gbé abọ́ tuntun sábẹ́ àga ní àárọ̀, kò tilẹ̀ dúró wò ó. Ó ń rò ó pé ní aago mẹ́rin, Dókítà á gbé báàgì rẹ̀ sọdá títì, nǹkan á sì tún tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà. Ó rò ó bí ẹni tó ń ro ọ̀rọ̀ òjò.

Bàbá Lẹ́tà wọlé ní bí aago mọ́kànlá. Arúgbó yìí ti pín lẹ́tà káàkiri ìlú títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì yẹ̀ rí, ọjọ́ Ẹtì ni ó máa ń gẹ irun. Rédíò gẹ ẹ́ tán, ó fi aṣọ tútù nu ọrùn rẹ̀.

"Kí lo fi nù mí yẹn?"

"Omi ni, bàbá."

"Omi? Sípíríìtì dà?"

"Mo ti dà á nù."

"O dà á nù! Gbogbo ọdún tí mo ti ń wá síbí, kò sí ọjọ́ tí ọrùn mi kì í ta mí kí n tó jáde. Bí kò bá ta mí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé mo gẹrun? Kí ló dé tó o dà á nù?"

Rédíò kọjú sí aṣọ tó ń ká.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. N ò ní dìde lórí àga yìí."

Kò sí ọ̀nà àbáyọ, àfi kó sọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi kílípà tó kán. Ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó ń já sí méjì. Nígbà tó yá, ó ń wọ́ tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ó sọ ti irun tó dì, ó sọ ti ọwọ́ rẹ̀ tó dá lọ síbi ìgò. "Mo wá nu ọ̀gbẹ́ni ajá bí mo ṣe ń nù yín, bàbá, láti etí dé etí. Díẹ̀ ló kù kí n bi í bóyá kí n fi páúdà sí i."

Bàbá Lẹ́tà bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn Rédíò, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kò sí ìró kankan.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lófuurufú. Ó mọ ìdákẹ́rọ́rọ́ yìí. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n kú, oníbàárà rẹ́rìn-ín báyìí, ẹ̀yìn rẹ̀ dákẹ́ báyìí, òun sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀rù bà á. Ẹ̀rù gidi, nǹkan àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ lára láti oṣù mẹ́jọ. Ó yíjú padà.

Orí ajá náà wà nínú abọ́. Ó gbé e sókè, ìrẹsì lẹ̀ mọ́ imú rẹ̀, ó ń wò ó.

"Kí ló wá dé tó o dákẹ́?" ni Bàbá Lẹ́tà sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ojú rẹ̀ wà nínú dígí. "Ìgbà tó ò ń sọ̀rọ̀ ló ń jẹun. Mò ń wò ó látìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀. Máa sọ ọ́ lọ, jàre."

Rédíò di ẹ̀yìn àga Bàbá Lẹ́tà mú, ó yí i lódindi, kó lè kọjú sí fèrèsé bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó sọ ti Dókítà, ó sọ ti iyọ̀ àti ọṣẹ. Nígbà tí ìyẹn tán tí oúnjẹ kò tíì tán, kò rí ìtàn mìíràn mú, àfi ti ọkùnrin tó ra bàtà ẹsẹ̀ òsì méjì. Ó sọ ọ́ dé ìparí. Kò gbójú kúrò lára ajá náà títí ó fi lá abọ́ gbẹ.

Nígbà tí Dókítà dé pẹ̀lú báàgì rẹ̀ ní aago mẹ́rin, abọ́ òfìfo ni Rédíò nà sí i.

Ẹnikẹ́ni má rò pé ọjọ́ náà ni gbogbo nǹkan yí padà. Ó ṣì ń jí ní àárọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé ara rẹ̀ fún láti ru. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, kí ajá náà tó lè jẹun, ó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, bóyá oníbàárà wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ṣíbí mẹ́ta di márùn-ún, márùn-ún di abọ́ kan. Egbò ọrùn gbẹ. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà: imú ajá náà kọ́kọ́ yọ lábẹ́ àga, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ iwájú. Kò kọjá ibẹ̀.

Nígbà tí oṣù pé, Dókítà mú obìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì wá. Àgbàlá rẹ̀ fẹ̀, ajá rẹ̀ àtijọ́ sì ti kú.

"Bọ̀ọ̀dá, bí ẹ bá fẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín, ẹ sọ ọ́," ni Dókítà wí.

Ìyàwó Rédíò dúró lẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé ilé. "Ta ló ní ó ń dí wa lọ́wọ́?" ni ó wí, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni.

Rédíò wo abẹ́ àga. Ara ajá náà ti yá, ó sì lè sáré, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ń lọ. Ibi ìsápamọ́ ni ó fún un, kì í ṣe ilé. Ó mọ̀ ọ́n, nítorí ibẹ̀ ni òun náà ń gbé.

"Ẹ máa mú un lọ," ni ó wí.

Oníbúrẹ́dì pè é, kò jáde. Dókítà pè é, kò jáde. Rédíò rìn lọ síbi fèrèsé. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jókòó sórí àga Ẹ̀gbọ́n, awọ àga náà kùn lábẹ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń kùn fún ẹni tó ni ín. Ó sọ ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Imú tútù kan kàn án, ó gbóòórùn ọwọ́ náà dáadáa, ajá náà sì jáde, ó gbé àgbọ̀n lé e.

Ó dùn ún. Ó dùn ún débi pé ó tẹ̀ síwájú lórí àga, omi ojú rẹ̀ ń kán sórí irun kúkúrú náà, kò sì bìkítà pé àwọn ènìyàn ń wò ó. Ìyàwó rẹ̀ wá dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́jìká, kò sọ pé kó dákẹ́.

"Báwo ni kí n máa ṣe é tó bá fẹ́ jẹun?" ni oníbúrẹ́dì béèrè nígbà tó yá, pẹ̀lú ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀," ni Rédíò wí. "Ohun tó bá wá sẹ́nu ni kẹ́ ẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ̀yìn sí i. Bẹ́ ẹ ṣe ń sọ ọ́, ẹ máa wò ó."

Wọ́n mú un lọ. Rédíò fọ abọ́, ó ká aṣọ ìnura, ó gbá irun abẹ́ àga. Ó ń gbá a lọ́wọ́ nígbà tí Bàbá Lẹ́tà dé, nítorí ọjọ́ Ẹtì ni. Arúgbó náà ti ń lọ síbi àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

"Bàbá," ni Rédíò wí, ó gbọn aṣọ funfun, "ẹ bọ́ sí ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lónìí. Ìmọ́lẹ̀ dára níbẹ̀."