Iye Tí Margaret Ń Gbà

"Èló lo fẹ́ máa gbà?"

Láti ìlú òyìnbó ni ìbéèrè yẹn ti wá, láti ẹnu Charles, ọ̀gá iléeṣẹ́ àwọn jórinjórin kan. Inú pálọ̀ kan ní Festac ló balẹ̀ sí, níbi tí Akíntáyọ̀ jókòó sí níwájú kọ̀ǹpútà, tó so táì mọ́rùn, tó sì wọ ṣòkòtò ilé nísàlẹ̀. Tí ọkùnrin yìí bá gbà á, yóò kọ lẹ́tà tí Akíntáyọ̀ máa fi gba físà àwọn tó mọṣẹ́ ọwọ́. Tí kò bá gbà á, ọdún mẹ́ta tó fi ń ṣe ìdánwò lọ lásán nìyẹn.

Bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó síbi tí kámẹ́rà ò ti lè rí i. Àtàárọ̀ ló ti ń kọ́ ọmọ ní ìdáhùn. Lójú tirẹ̀, ọmọlúàbí kì í dá iye lé ara rẹ̀ níwájú ẹni tó fẹ́ ṣe é lóore.

"Ohunkóhun tí ẹ bá fún mi, sà, mo dúpẹ́," ni Akíntáyọ̀ wí.

Bàbá mirí, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Inú Charles náà dùn, ó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni obìnrin tó jókòó tì í dá sí i. Margaret lorúkọ rẹ̀, òun ni olórí àwọn jórinjórin ibẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun, àpá iná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti Akíntáyọ̀.

"Àwa méjìlá la jọ ń ṣiṣẹ́ yìí," ó ní. "Tí ìwọ bá gba ohunkóhun, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ohunkóhun ni wọ́n máa san fún àwa náà. Àwọn ará ibí ń pariwo pé àlejò ló ń ba owó iṣẹ́ jẹ́. Èmi ò bẹ̀rù àlejò. Èyí tó ń dúpẹ́ kó tó mọ iye tí wọ́n máa san ni mò ń bẹ̀rù."

Ẹnu ya Akíntáyọ̀. Ọ̀gá tó ń bá jó irin ní Mile 2 kì í tilẹ̀ dá a lóhùn tó bá béèrè owó ọkọ̀. Òun náà rèé lórí àga ìyá rẹ̀, gbólóhùn kan péré ló sọ, ọbẹ̀ sì fẹ́ dín nínú ìkòkò ilé méjìlá lókè òkun. Kò mọ̀ pé òun tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ ẹ̀rù náà dùn mọ́ ọn.

"Ẹ má bínú, mà. Èló ni wọ́n ń san fún yín?"

Bàbá fọwọ́ bojú. Ta ní ń bi àgbà ní iye tó ń gbà?

"Pọ́n-ùn mọ́kànlélógún ní wákàtí kan," ni Margaret dáhùn, kò tilẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀.

Akíntáyọ̀ kọjú sí Charles. "Iye yẹn ni mo fẹ́, sà."

Charles pa ìwé tó ń kọ nǹkan sí dé. Ó ní àwọn á pè é lọ́jọ́ Ẹtì, àwòrán wọn sì lọ.

"Tí wọn ò bá pè mọ́ ńkọ́?" ni Bàbá bi í.

"Mile 2 ò sá lọ, Dádì. Màá máa jó irin níbẹ̀."

Ó ń retí ìbáwí. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà tó ti ṣókùnkùn ni Bàbá ń wò.

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ìjọba, Táyọ̀," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Kò sẹ́ni tó bi mí rí pé èló ni mo fẹ́."